Ọjọ́ tí a ó lò lórí òkè ni kí á kọ́kọ́ wá

Inú mi dùn púpọ̀ bí àwọn ọ̀dọ́ Abẹ́òkúta tó ń fẹ́ lọ gun òkè káàkiri àgbáyé ṣe ń pọ̀ sí i. Abẹ́ àpáta ni àwọn baba wa sá sí kí ìlú yìí tó di ìlú, kò sì yẹ kí òkè jẹ́ àjèjì sí wa. Ṣùgbọ́n bí mo ṣe ń wo ètò tí ọ̀pọ̀ wọn ń ṣe, ohun kan ń kọ mí lóminú. Owó ni gbogbo èèyàn kọ́kọ́ ń wá, bàtà àti àpò ló tẹ̀lé e, ọjọ́ tí wọn yóò lò lórí òkè ló sì ń gbẹ̀yìn. Bí owó kò bá sì tó, ọjọ́ náà ni wọ́n kọ́kọ́ máa ń gé. Lójú tèmi, ọjọ́ yẹn gan-an ló yẹ kí á kọ́kọ́ wá, kí owó àti bàtà tó tẹ̀lé e.

Olúmọ dára fún orúnkún, ó sì dára fún ẹni tó ti pẹ́ tí kò ti rìn, ṣùgbọ́n kò lè kọ́ ara ní ohun tí òkè gíga ń béèrè. Ṣóńṣó rẹ̀ kò ju nǹkan bíi mítà 137 lọ sí ìtẹ́jú òkun, nígbà tí ṣóńṣó Kilimanjaro ní Tànsáníà jẹ́ mítà 5,895. Bí a bá ṣe ń gòkè sí i ni ìwúwo afẹ́fẹ́ ń dín kù, tó fi jẹ́ pé bí a bá dé nǹkan bíi mítà 5,500, ọ́síjìn tó wà nínú èémí kan kò ju ìdajì èyí tí à ń mí símú létí òkun lọ. Ara lè mọ́ra sí i, ṣùgbọ́n ọjọ́ ló fi ń mọ́ra. Agbára ẹsẹ̀ kò sì bá a wí: ẹni tó ń sáré gun Olúmọ láràárọ̀ lè dùbúlẹ̀ àìsàn níbi tí ìyá àgbà tó ń rọra rìn ti kọjá lọ ní àlàáfíà. Kódà, àwọn ọ̀dọ́ tí ara wọn le ni ẹ̀rù wọn ń bà mí jù, nítorí agbára wọn ni yóò jẹ́ kí wọ́n yára gòkè ju bó ti yẹ lọ.

Àbúrò mi kan tó ń ṣiṣẹ́ ìjọba ní Òkè-Mọ́sàn fi ètò kan hàn mí láìpẹ́ yìí, èyí tí iléeṣẹ́ kan tó ń ṣètò ìrìn-àjò fi ránṣẹ́ sí orí fóònù rẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ọjọ́ márùn-ún péré ni, ó sì dínwó gan-an.” Ọ̀nà Marangu ni wọ́n fẹ́ gbà, ọ̀nà kan ṣoṣo lórí Kilimanjaro tó jẹ́ pé inú ilé onípákó ni àwọn arìnrìn-àjò ti ń sùn, tí kì í ṣe inú àgọ́. A mú ìwé àti báírò, a sì kọ gíga ibi tí yóò sùn sí ẹ̀gbẹ́ alẹ́ kọ̀ọ̀kan. Alẹ́ kìíní, Mandara, nǹkan bíi mítà 2,700. Alẹ́ kejì, Horombo, nǹkan bíi 3,700. Alẹ́ kẹta, Kibo, nǹkan bíi 4,700, tí wọn yóò sì tún jí wọn láàárín òru kan náà pé kí wọ́n dìde, kí wọ́n máa gun ṣóńṣó lọ. Ìlànà tí àwọn dókítà tó mọ̀ nípa òkè gíga ń tẹ̀ lé ni pé bí èèyàn bá ti kọjá mítà 3,000, ibi tí yóò sùn lálẹ́ kan kò gbọdọ̀ fi ju mítà 500 lọ ga ju ibi tó sùn lálẹ́ àná, kí ó sì máa fi ọjọ́ kan sinmi láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ètò tó wà níwájú wa ń fi mítà 1,000 gòkè lójúmọ́, kò sì sí ọjọ́ ìsinmi kankan nínú rẹ̀.

Ó bi mí pé tí wọ́n bá fi ọjọ́ kan kún un ńkọ́. Mo ní yóò sàn jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí pé ní ọjọ́ náà, èèyàn yóò rìn láti Horombo gòkè dé ibi tí wọ́n ń pè ní Zebra Rocks, ní nǹkan bíi mítà 4,000, níbi tí ojú òkúta ti ní ilà funfun àti dúdú, yóò sì padà wá sùn sí Horombo. Ohun tó ń ran ara lọ́wọ́ nìyẹn: kí èèyàn gòkè lójú ọ̀sán, kí ó sì sọ̀ kalẹ̀ wá sùn. Ṣùgbọ́n bí ó bá jẹ́ èmi ni, ọ̀nà Lemosho tó ń gba ìwọ̀-oòrùn òkè náà ni n óò yàn, ọlọ́jọ́ mẹ́jọ. Lójú ọ̀nà yẹn, ọjọ́ kan wà tí wọ́n máa ń gòkè dé Lava Tower, tó ga ju mítà 4,500 lọ, tí wọn yóò sì sọ̀ kalẹ̀ lọ sùn ní Barranco tí kò tó mítà 4,000. Lójú ẹni tó ń ka owó, ọjọ́ yẹn dà bí òfò, nítorí pé èèyàn rìn láti àárọ̀ di ìrọ̀lẹ́, kò sì fi bẹ́ẹ̀ ga ju ibi tó ti jí lọ. Èmi gbà pé òun ló níye lórí jù nínú gbogbo ètò náà.

Ẹni tí ìwé ìtàn kọ́kọ́ dárúkọ pé ó dé ṣóńṣó òkè yìí, Hans Meyer ará Jámánì, kò dé ibẹ̀ ní ìgbìyànjú àkọ́kọ́. Yìnyín dá a padà ní 1887, ogun dá a padà ní 1888. Nígbà tí òun àti Ludwig Purtscheller ará Austria padà lọ ní 1889, wọ́n to àgọ́ sí ara òkè náà ní ìpele-ìpele, wọ́n sì ń gbé oúnjẹ lọ síbẹ̀, kí ebi má baà lé wọn sọ̀ kalẹ̀ kí wọ́n tó ráyè gbìyànjú lẹ́ẹ̀mejì tàbí lẹ́ẹ̀mẹta. Nínú oṣù kẹwàá ọdún náà ni wọ́n dé òkè téńté.

Àìsàn òkè kì í fi ara pamọ́. Orí fífọ́ ló máa ń fi bẹ̀rẹ̀, pẹ̀lú èébì, òòyì àti àìrí oorun sùn, ìwọ̀nyí sì lè lọ bí èèyàn bá dúró sí ojú kan, tí ó sinmi. Ṣùgbọ́n bí ẹsẹ̀ ẹnìkan bá ti ń ta gọ́ọ́gọ̀ọ̀ bíi ti ọ̀mùtí, tàbí tí ó ń mí gúlegúle nígbà tó jókòó jẹ́ẹ́, omi lè ti máa wọ inú ọpọlọ tàbí ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀, kí wọ́n gbé e sọ̀ kalẹ̀ lójú ẹsẹ̀ ni, ìbáà jẹ́ òru.

Ọ̀rọ̀ kan tún wà tí a kì í sọ tó láàárín ara wa, ìyẹn ọ̀rọ̀ jẹ́nótáìpù. Ìwé tí àwọn òyìnbó kọ fún ara wọn nípa bí a ṣe ń gun òkè sábà máa ń fò ó, ṣùgbọ́n àwa kò lè fò ó. Àìtó ọ́síjìn lè dá ìrora ńlá sílẹ̀ fún ẹni tó jẹ́ SS. Ẹni tó jẹ́ AS, tí nǹkan bí ẹnì kan nínú mẹ́rin ní Nàìjíríà jẹ́, lè má ní ìṣòro kankan nílé láti kékeré, síbẹ̀ àwọn kan wà láàárín wọn tí ìrora líle mú lábẹ́ ìhà òsì nígbà tí wọ́n dé òkè gíga, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò rọ́nà dé ibi tó yẹ mọ́. Kì í ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ wọn, n kò sì sọ pé kí ẹlẹ́jẹ̀ AS jókòó sílé. Ohun tí mo ń sọ ni pé kí ó rí dókítà kí ó tó sanwó, kí ó sọ fún afinimọ̀nà rẹ̀, kí ó sì yan ètò tó lọ́jọ́ lórí ju ti ẹnikẹ́ni lọ.

Ètò tó dínwó jù náà tún ń dùn mí nítorí àwọn aláàárù. Òfin ọgbà ìjọba tí Kilimanjaro wà nínú rẹ̀ ni pé ẹrù aláàárù kan kò gbọdọ̀ ju kílò 20 lọ, àwọn ni wọ́n sì ń ru àgọ́, ìkòkò, gáàsì àti oúnjẹ gbogbo wa. Bí iléeṣẹ́ kan bá ta ìrìn-àjò ní ẹ̀dínwó tó yà wá lẹ́nu, owó oṣù tàbí oúnjẹ àwọn èèyàn yìí ni wọ́n sábà máa ń gé. Ẹ béèrè iye tí wọ́n ń san fún aláàárù lójúmọ́ àti ibi tó ń sùn. Bí wọn kò bá lè dáhùn, ẹ wá ẹlòmíràn.

Ní ti ìgbà, oṣù kìíní sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù kẹta, àti oṣù kẹfà sí ìkẹwàá, ni ilẹ̀ máa ń gbẹ jù níbẹ̀. Ẹ má gbàgbé yẹ́lò kádì. Ó di ọjọ́ mẹ́wàá lẹ́yìn abẹ́rẹ́ àkọ́kọ́ kí ó tó lágbára. Ẹ ka ìwé adójútòfò dáadáa pẹ̀lú, nítorí ọ̀pọ̀ wọn kì í san owó fún ẹni tó bá kọjá gíga kan.

Ìsinmi ọ̀sẹ̀ kan kò tó fún Kilimanjaro, pàápàá bí èèyàn bá ka ọjọ́ ọkọ̀ òfuurufú mọ́ ọn. Ṣùgbọ́n òkè pọ̀ tí ọ̀sẹ̀ kan tó fún. Ìdánrè kò jìnnà sí wa. Òkè Afadja ní Gánà àti Agou ní Tógò kò tó mítà 1,000, a kò sì nílò físà láti dé ọ̀dọ̀ wọn. Ẹni tó fẹ́ èyí tó ga díẹ̀ lè lọ sí Bisoke ní Rùwáńdà, mítà 3,711, tí adágún omi wà lórí rẹ̀. Ọjọ́ kan ni wọ́n fi ń gùn ún, tí wọ́n sì ń sọ̀ kalẹ̀ padà wá sùn. Ẹni tó bá sì ní ètò ìrìn-àjò kankan lọ́wọ́ báyìí, kí ó kọ gíga ibi tí yóò sùn sí ẹ̀gbẹ́ alẹ́ kọ̀ọ̀kan, kí ó fi ránṣẹ́ sí mi, a ó jọ yẹ̀ ẹ́ wò kí ó tó sanwó.