Ẹ Yé Fi Omijé Aláìní Pawó

Bí àjọ aláàánú bá fẹ́ tọrọ owó lórí ayélujára, irú àwòrán kan náà ló sábà máa ń jáde: ọmọ tó rù, tí omijé ń dà lójú rẹ̀, tí kámẹ́rà sún mọ́ débi pé a lè ka egungun ìhà rẹ̀. Àwòrán bẹ́ẹ̀ ń pa owó wọlé. Ṣùgbọ́n ta ló bi ọmọ náà tàbí ìyá rẹ̀ bóyá wọ́n fẹ́ kí gbogbo ayé rí i báyìí? Èrò tiwa ni pé kí àwọn àjọ jáwọ́ nínú àṣà yìí pátápátá.

A kì í ṣoore tán ká tún lóṣòó tì í. Òótọ́ ni pé owó olówó ni àjọ ń ná, wọ́n sì gbọ́dọ̀ jábọ̀ fún ẹni tó dá a. Ọrùn àjọ ni gbèsè ìjábọ̀ yẹn wà, kò sí lọ́rùn ẹni tó gba oúnjẹ tàbí oògùn.

Ọ̀pọ̀ àjọ á ní àwọn gba ìyọ̀ǹda. Ẹ wo bí wọ́n ṣe ń gbà á: ẹni tó ń pín nǹkan náà ló gbé fọ́ọ̀mù dání, lójú ìlà tí àwọn èèyàn tò sí. Ta ni yóò kọ̀? Ẹlòmíràn tí kò lọ́wọ́ nínú pípín nǹkan ló yẹ kó béèrè, lọ́jọ́ mìíràn, ní èdè tí onítọ̀hún gbọ́, kó sì kọ́kọ́ là á yé e pé bó bá kọ̀, ohun tó tọ́ sí i kò ní dín. Kó ṣí fóònù, kó fi ojú ìwé àjọ náà lórí Facebook tàbí Instagram hàn án, torí ẹni tí kò rí i rí kò lè mọ ohun tí òun ń gbà sí. Lẹ́yìn tí wọ́n bá ya fọ́tò, kí wọ́n fi òun àti ọ̀rọ̀ tí yóò wà lábẹ́ rẹ̀ hàn án, kí wọ́n sì béèrè lẹ́ẹ̀kejì. Fọ́ọ̀mù gbọ́dọ̀ sọ ìkànnì tí fọ́tò yóò ti jáde, ìgbà tí ìyọ̀ǹda yóò tán, àti nọ́ńbà tí onítọ̀hún lè pè bó bá yí ọkàn padà. Tó bá jẹ́ ọmọdé, òbí á gbà, ọmọ náà á gbà; bí ọ̀kan bá kọ̀, ó parí.

Ìpamọ́ ni ọ̀pọ̀ ti ń kọsẹ̀. Fọ́ọ̀mù wà nínú kọ́bọ́ọ̀dù, fọ́tò wà nínú kọ̀ǹpútà, kò sí ohun tó so wọ́n pọ̀. Lẹ́yìn ọdún mélòó kan, òṣìṣẹ́ tuntun tí iṣẹ́ ń lé níwájú á fa fọ́tò náà yọ, á fi tọrọ owó fún ìṣòro tí ẹni inú rẹ̀ kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀. Nọ́ńbà kan náà ni kí wọ́n fún fọ́ọ̀mù àti fáìlì fọ́tò, kí ọjọ́ tí ìyọ̀ǹda yóò tán sì wà lára orúkọ fáìlì. Àjọ lè pa fọ́tò rẹ́ lójú ìwé tirẹ̀. Èyí tí àwọn èèyàn ti gbà sórí fóònù wọn kò ṣe é kó padà mọ́.

Fóònù tún lè kọ ibi tí wọ́n ti ya fọ́tò sínú fáìlì rẹ̀ bí wọn kò bá pa á nínú ètò kámẹ́rà. Facebook máa ń yọ àkọsílẹ̀ yìí kúrò lára ẹ̀dà tí aráyé ń rí, àmọ́ bí fáìlì náà bá gba inú ímeèlì lọ, ó lè wà níbẹ̀ digbí. Fún obìnrin tó sá fún ọkọ tó ń lù ú, ewu ńlá ni. Bẹ́ẹ̀ náà ni báàjì ilé ẹ̀kọ́ lára aṣọ ọmọ, àti pátákó tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Àwọn kan á ní owó kò ní wọlé láìsí omijé. Lọ́dún 2014, àwọn èèyàn ń da omi yìnyín sórí ara wọn láti fi tọrọ owó nítorí àrùn ALS, èyí tó máa ń sọ iṣan ara di aláìlágbára díẹ̀díẹ̀. Pat Quinn àti Pete Frates, tí àrùn náà ń ṣe, wà lára àwọn tó tan ètò náà kálẹ̀. Àwọn fúnra wọn ló yan bí ayé ṣe máa rí wọn. Mílíọ̀nù 115 dọ́là wọlé fún ALS Association ní Amẹ́ríkà, nígbà tó sì di 2016, àjọ náà jáde sọ pé lára owó yẹn ni wọ́n fi ṣe ìwádìí tó fi ipa NEK1, ọ̀kan lára àwọn jíìnì tí èèyàn ń jogún lọ́dọ̀ òbí, nínú àrùn náà hàn. Wọ́n tọrọ, wọ́n sì jábọ̀.

Iṣẹ́ gan-an ni kí àwọn àjọ máa gbé jáde. Ẹ fi ẹ̀rọ omi tó dákẹ́ hàn, ẹ sọ ohun tó bàjẹ́ nínú rẹ̀ àti iye tí àtúnṣe máa ná, kí ẹ sì padà wá sọ lójú òpó kan náà pé ó ti ń ṣiṣẹ́, tàbí pé kò tíì ṣe. Ìjábọ̀ ìkẹyìn yìí ni wọ́n ń sá fún jù, òun sì ni ẹni tó dáwó ń retí.

Àwọn tó ń fowó ṣètọrẹ náà lẹ́bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Iye èèyàn tó wo fídíò ni wọ́n ń béèrè. Kí wọ́n máa béèrè iye ẹni tó dáwó lẹ́ẹ̀kejì, àti fọ́ọ̀mù tó wà fún fọ́tò kọ̀ọ̀kan. Àjọ tí kò bá rí fọ́ọ̀mù yẹn mú jáde, kó yọ fọ́tò náà kúrò lónìí.