Kí Owó Gbà-Máà-Bínú Dé Kí Ìgbìn Tó Bẹ̀rẹ̀

Ní ọjọ́ 10, oṣù kẹwàá, ọdún 2018, ìjì líle tí wọ́n sọ ní Michael gba etíkun Florida wọ ìpínlẹ̀ Georgia ní Amẹ́ríkà, ọwọ́ rẹ̀ sì ṣì le gan-an nígbà tó kan Seminole, káúńtì kékeré tí Donalsonville jẹ́ olú-ìlú rẹ̀. Òwú ti là, ẹ̀rọ ìkórè ló kù tó ń dúró dè. Kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́, òwú ti fọ́n sínú kòtò ẹ̀gbẹ́ títì, ó ti rọ̀ mọ́ wáyà ọgbà, àwọn igi pecan tí bàbá ọlọ́mọ gbìn sílẹ̀ fọ́mọ sì ti dùbúlẹ̀, wọ́n kọjú gbòǹgbò sókè.

Ọjọ́ 6, oṣù kẹfà, ọdún 2019 ni Ààrẹ Donald Trump tó buwọ́ lu òfin ìrànwọ́, tí nǹkan bíi bílíọ̀nù mẹ́ta dọ́là nínú rẹ̀ jẹ́ ti àgbẹ̀. Àríyànjiyàn lórí iye tó yẹ kí Puerto Rico, erékùṣù tó wà lábẹ́ Amẹ́ríkà, rí gbà wà lára ohun tó dá a dúró nílé aṣòfin. Bẹ́ẹ̀ erékùṣù ọ̀hún kò fọwọ́ kan òwú ẹnikẹ́ni, òun náà ń fa ọgbẹ́ ìjì tirẹ̀ ni. Ó di oṣù kẹsàn-án kí wọ́n tó bẹ̀rẹ̀ sí í forúkọ àgbẹ̀ sílẹ̀ fún WHIP+, ètò tí wọ́n fi ń pín owó náà fún àgbẹ̀. Oṣù kẹrin àti ìkarùn-ún ni wọ́n ń gbin òwú lágbègbè yẹn. Ẹni tó jẹ báńkì ní gbèsè ajílẹ̀ àti irúgbìn ọdún tó kọjá tún ní láti lọ tọrọ òmíràn lọ́wọ́ báńkì kan náà, nígbà tí omi ti tẹ̀yìn wọ ìgbín lẹ́nu.

Àwọn kan á ní ṣebí adójútòfò wà, ìjọba àpapọ̀ ló sì ń bá àgbẹ̀ san èyí tó ju ìdajì lọ nínú owó rẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe ohun à ń fọwọ́ rọ́ sẹ́yìn. WHIP+ pàápàá kò ṣe bí ẹni tí kò mọ̀: ẹni tí kò ní adójútòfò kò lè gbà ju ìdá 70 nínú ọgọ́rùn-ún òfò rẹ̀ lọ, ẹni tó ra èyí tó nípọn jù lè gba 95, ẹnikẹ́ni tó bá sì gbowó gbọ́dọ̀ ra adójútòfò fún ọdún méjì sí i. Ó dára bẹ́ẹ̀. Àmọ́ igi pecan máa ń tó ọdún méje sí mẹ́wàá kó tó so dáadáa. Ètò ìjọba mìíràn wà tó ń ranni lọ́wọ́ láti tún igi gbìn. Kò sọ ohun tí olóko yóò máa jẹ títí igi náà yóò fi so.

Ohun tí à ń béèrè ni òfin tó dúró, tí owó rẹ̀ wà nílẹ̀ lọ́dọọdún, kí ọ́fíìsì ètò ọ̀gbìn tó wà ní káúńtì lè san ìdajì láàárín oṣù mẹ́ta, kí wọ́n sì san ìyókù lẹ́yìn tí wọ́n bá yẹ ìwé wò. Bí ẹ̀rù olè ló ń ba aṣòfin, ìdajì tó kù lọ́wọ́ ìjọba ni ìdáhùn.

Kò tíì sẹ́ni tó tún ìdádúró yìí ṣe. Oṣù kejìlá ọdún 2024 ni òfin tó jáde fún òfò ọdún 2023 àti 2024, oṣù keje ọdún 2025 ni ìforúkọsílẹ̀ sì bẹ̀rẹ̀. Àgbẹ̀ tí ọ̀dá pa oko rẹ̀ lọ́dún 2023 ti gbìn, ó ti kórè, ó sì ti tún gbìn, kí ìwé tó kan ilẹ̀kùn rẹ̀.