Èsì wa sí ìràwọ̀ méjì tí ẹ fún kíìtì kábúrétọ̀ Beetle

Ẹ ǹlẹ́ o, oníbàárà wa. Ẹ kú ìnáwó, ẹ sì kú wàhálà ọkọ̀. A ti ka gbogbo ohun tí ẹ kọ. Nítorí ẹlòmíì tó lè bá ọ̀rọ̀ yìí pàdé, ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ ní ṣókí: ẹ ra kíìtì, ìyẹn àwọn páàtì kéékèèké tí wọ́n fi ń tún kábúrétọ̀ ṣe, lọ́wọ́ wa fún kábúrétọ̀ Solex 34 PICT-3 (ẹ̀rọ tó ń po bẹntiróòlù mọ́ afẹ́fẹ́) ti Volkswagen Beetle 1973 yín. Mẹkáníìkì yín tò ó, ọkọ̀ jí, ó sì dúró dáadáa ní síló, ìyẹn nígbà tí ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́ láìtẹ nǹkan kan, ṣùgbọ́n bí ẹ bá ti tẹ tọ́tù (ohun tó ń ṣí ọ̀nà afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì) kó lè gbéra, á máa jẹ́ẹ̀kì, nígbà mìíràn á tiẹ̀ kú. Mẹkáníìkì ní ayédèrú ni kíìtì wa. Ẹ tún kọ ọ́ pé kó tó kan kábúrétọ̀, ó ti pààrọ̀ plọ́ọ̀gì, ó ti pààrọ̀ kọ́ìlì, ó sì ti gbé dísírìbútọ̀ tuntun, ẹ̀rọ tó ń pín iná fún plọ́ọ̀gì, sí i. Èyí tí ẹ fi kásẹ̀ rẹ̀ nílẹ̀ ló dùn wá jù: pé àwa tí à ń ta páàtì ọkọ̀ àtijọ́ kò lè júwe mẹkáníìkì gidi kan ṣoṣo fún ẹni tó náwó lọ́dọ̀ wa.

Kíìtì ni kí n kọ́kọ́ dáhùn, torí òun ni ẹ sanwó fún. Rọ́bà pẹlẹbẹ kan wà nínú rẹ̀ tó ń ti bẹntiróòlù jáde nígbà tí èèyàn bá ṣàdédé tẹ tọ́tù. Tí rọ́bà yẹn bá lu, tàbí tí wọ́n tò ó sódì, irú jẹ́ẹ̀kì tí ẹ ṣàpèjúwe yìí gan-an ló máa ń fà, nítorí náà mi ò ní sọ pé irọ́ ni mẹkáníìkì yín ń pa. Àmọ́ ohun tí a lè fojú rí ni. Ẹ pa ẹ́ńjìnnì, ẹ jẹ́ kó tutù, ẹ yọ ilé asẹ́ afẹ́fẹ́ kúrò lórí kábúrétọ̀, kí ẹ wo inú ọ̀fun rẹ̀, kí ẹnì kan wá fi ọwọ́ fa tọ́tù lẹ́ẹ̀kan. Bẹntiróòlù gbọ́dọ̀ tú jáde lójú ẹsẹ̀, tẹ́ẹ́rẹ́, pẹ̀lú agbára. Tó bá tú bẹ́ẹ̀, rọ́bà náà ń ṣiṣẹ́. Tí kò bá tú, tàbí tó kàn ń kán tó-tó-tó, ẹ kó kíìtì náà padà wá, a ó dá owó yín padà láìsí àríyànjiyàn. Kí ẹnikẹ́ni má mu sìgá nítòsí ibẹ̀ o.

Àwòrán tí ẹ fi há abẹ́ ọ̀rọ̀ yín gan-an ni mo wò pẹ́. Ọ̀pá kékeré kan yọrí lára kábúrétọ̀ yín, ibẹ̀ ló yẹ kí họ́ọ̀sì rọ́bà kan ti bẹ̀rẹ̀, kó lọ bá dísírìbútọ̀. Nínú àwòrán yín, wọ́n ti dí ọ̀pá náà lẹ́nu pa. Dísírìbútọ̀ tuntun tó wà níbẹ̀ kò sì ní ife irin roboto lẹ́gbẹ̀ẹ́ tí họ́ọ̀sì náà ì bá wọ̀. Irú èyí tí àwọn onímọ́tò ń pè ní 009 ló jọ lójú mi.

Ohun tí ìyẹn ń dá sílẹ̀ nìyí. Bí ẹ́ńjìnnì bá ń yára sí i, iná plọ́ọ̀gì gbọ́dọ̀ máa tètè ṣẹ́ sí i. Irin kéékèèké tó ń là nígbà tí ẹ́ńjìnnì bá ń sáré nìkan ni 009 fi ń ṣe èyí. Èyí tó ní họ́ọ̀sì ní irin wọ̀nyẹn, àmọ́ ó tún ń lo bí ẹ́ńjìnnì ṣe ń fa afẹ́fẹ́: bí tọ́tù bá ti ṣí díẹ̀ báyìí, ó ti ń tètè ta iná kí ẹ́ńjìnnì tó bẹ̀rẹ̀ sí í sáré rárá. Ìrètí irú dísírìbútọ̀ bẹ́ẹ̀ ni wọ́n fi ṣe 34 PICT-3. Tí ẹ bá so ó pọ̀ mọ́ 009, síló lè dára, eré àsápajúdé lè dára, àárín méjèèjì ni ọkọ̀ á ti máa kọsẹ̀. Ọ̀pọ̀ ọdún ni àwọn tó ní Beetle ti ń ráhùn nípa rẹ̀. Mi ò fọwọ́ kan ọkọ̀ yín, ó sì lè jẹ́ pé nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n tó bá jẹ́ tèmi ni, dísírìbútọ̀ àtijọ́ ni mo máa kọ́kọ́ béèrè. Ṣé ó ṣì wà lọ́wọ́ yín? Ṣé mẹkáníìkì náà tiẹ̀ kó àwọn páàtì tó yọ fún yín? Tí kò bá kó wọn fún yín, ẹ fi ìyẹn náà sọ́kàn.

Ó wá ku ẹjọ́ pé a kò júwe mẹkáníìkì. Òótọ́ ni, a kì í dárúkọ ẹnikẹ́ni ní gbangba. Ọ̀gá tó mọṣẹ́ lónìí lè fi ṣọ́ọ̀bù sílẹ̀ lọ́la, kó ku àwọn ọmọṣẹ́. Ẹni tó mọ bíréèkì dénú lè má mọ kábúrétọ̀ rárá. Bí a bá sì ń júwe mẹkáníìkì, tí òun náà ń rán oníbàárà sí wa, báwo lẹ ṣe máa mọ̀ bóyá torí yín la ṣe júwe rẹ̀ àbí torí ọjà wa? Ohun tí a lè ṣe ni pé kí a béèrè lọ́wọ́ oníbàárà wa mìíràn tó ní irú ọkọ̀ yín, tó bá gbà, ká so yín pọ̀. Ẹ kọ̀wé sí wa ní ìkọ̀kọ̀ fún ìyẹn.

Tí ẹ bá bá irú ẹni bẹ́ẹ̀ sọ̀rọ̀, ẹ má bi í bóyá mẹkáníìkì rẹ̀ dára. Gbogbo èèyàn ló máa ní ó dára, torí kò sẹ́ni tó fẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé òun kówó fún ọ̀lẹ. Ẹ bi í pé: kí ló bàjẹ́ padà lẹ́yìn tó tún un ṣe, kí ló sì ṣe sí i nígbà tí ẹ gbé e padà lọ? Ìdáhùn ìyẹn á kọ́ yín ju ìyìn lọ. Beetle tí wọ́n ṣe kó tó dáwọ́ dúró ní 2003 lé ní mílíọ̀nù 21, nítorí náà ẹni tó mọ̀ ọ́n kò tíì tán láyé, páàtì rẹ̀ náà kò sì wọ́n bíi ti ọkọ̀ àtijọ́ mìíràn.

Bí ẹ bá ti rí ẹni tí ọkàn yín fẹ́ bá lọ, ẹ má kó gbogbo àìsàn ọkọ̀ fún un lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Iṣẹ́ kékeré kan ni kí ẹ fi dán an wò, èyí tí mo sì fẹ́ràn jù fún Beetle ni pé kí ẹ ní kó bá yín ṣẹ́ẹ̀tì tápẹ́ẹ̀tì, ìyẹn àlàfo tó wà níbi fáàfù ẹ́ńjìnnì. Ẹ wa ọkọ̀ dé ọ̀dọ̀ rẹ̀ kí ẹ sì máa wò ó. Ẹni tó mọ̀ ọ́n á sọ fún yín pé ẹ fi ọkọ̀ sílẹ̀ di ọjọ́ kejì, torí pé ìgbà tí ẹ́ńjìnnì bá tutù pátápátá ni wọ́n ń wọn àlàfo náà, 0.15 mm ló sì yẹ kó jẹ́ lórí ẹ́ńjìnnì 1600 yín. Ẹni tó bá gbé ọmọrí kúrò lórí ẹ́ńjìnnì gbígbóná, tó ń fi etí gbọ́ ariwo tápẹ́ẹ̀tì, ẹ kí i dáadáa, kí ẹ sì máa gbé ọkọ̀ yín lọ.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ wo ohun tó máa wọ̀n kó tó ra ohunkóhun. Lórí irú ẹ́ńjìnnì yìí, tápẹ́ẹ̀tì ló ṣáájú, kọ́ńtáàtì inú dísírìbútọ̀, irin tó ń là tó sì ń pa dé kí iná lè ta, ló tẹ̀ lé e (àlàfo 0.4 mm), lẹ́yìn náà ni táímíǹgì, ìyẹn àsìkò tí plọ́ọ̀gì ń ta iná. Kábúrétọ̀ ló kẹ́yìn. Ìdí tó fi rí bẹ́ẹ̀ ni pé bí kọ́ńtáàtì bá ṣe ń jẹ, bẹ́ẹ̀ ni táímíǹgì ń yẹ̀, ìwà tí ọkọ̀ á sì máa hù lè jọ ti ọkọ̀ tí epo kò dé ibi tó yẹ. Gbogbo alángbá ló dakùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Nínú ohun tí ẹ kọ, mẹkáníìkì yín ra plọ́ọ̀gì, ó ra kọ́ìlì, ó ra dísírìbútọ̀, ó wá dórí kíìtì wa. Kò sí ibì kankan tí ẹ ti sọ pé ó wọn nǹkan kan. Mi ò pè é ní olè o. Ó ṣeé ṣe kó jẹ́ olóòótọ́ tó ń fi owó yín méfò.

Ẹ tún wo bó ṣe máa ṣẹ́ẹ̀tì síló. Lórí 34 PICT-3, sùkúrù méjì tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ kábúrétọ̀, ńlá àti kékeré, ni wọ́n ń lò. Sùkúrù tó fara ti apá tọ́tù kọ́. Ẹni tó bá kọjú sí ìyẹn kó lè mú síló ga ti ṣí tọ́tù kọjá ibi tó yẹ, ìyẹn nìkan sì tó láti mú ọkọ̀ jẹ́ẹ̀kì. Kíìtì kankan kò lè tún ìyẹn ṣe, bẹ́ẹ̀ ni kò lè tún irin àárín tọ́tù tó ti jẹ ṣe, èyí tó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ gba ẹ̀bá wọlé.

Àwọn kan rò pé arúgbó mẹkáníìkì nìkan ló lè mọ ọkọ̀ àtijọ́. Èmi ò gbà. Òótọ́ ni pé ọ̀pọ̀ ọ̀dọ́ kò mọ̀ ju kí wọ́n ki ẹ̀rọ kọ̀ǹpútà bọ ọkọ̀ lọ, Beetle yín kò sì ní ojú ìsopọ̀ tí irú ẹ̀rọ òde òní bẹ́ẹ̀ máa wọ̀. 1996 ni Amẹ́ríkà sọ irú ojú ìsopọ̀ bẹ́ẹ̀ di dandan fún ọkọ̀ tuntun. Ṣùgbọ́n ọ̀dọ́ tó ní sùúrù, tó ń ṣí ìwé ìtọ́sọ́nà ọkọ̀ náà wò kó tó tú nǹkan, sàn lójú mi ju àgbà tó ti ń fi etí ṣẹ́ẹ̀tì táímíǹgì láti ọgbọ̀n ọdún. Ẹni tó ní òun mọ gbogbo ọkọ̀ àtijọ́, ẹ bi í nípa Citroën DS, ọkọ̀ Faransé àtijọ́ kan. Oríṣi méjì ni epo tó ń gbé ọkọ̀ yẹn sókè, pupa fún ti àkọ́kọ́, aláwọ̀ ewé fún èyí tó dé lẹ́yìn, tí wọ́n bá sì ṣì í dà, rọ́bà inú rẹ̀ máa ń bàjẹ́. Àwọn ọkọ̀ Gẹ̀ẹ́sì àtijọ́ kan sì wà tó jẹ́ pé ẹ̀gbẹ́ pọ́sítíìfù bátìrì ni wọ́n so mọ́ ara ọkọ̀. Kò sí ìtìjú nínú kí mẹkáníìkì sọ pé òun kò tíì ṣe irú èyí rí.

Ẹ jọ̀ọ́, kí ẹnikẹ́ni tó bá ṣí ẹ̀yìn Beetle yẹn kọ́kọ́ fọwọ́ kan họ́ọ̀sì bẹntiróòlù. Bẹntiróòlù òde òní tó ní ẹ́tánọ́ọ̀lù nínú máa ń jẹ rọ́bà àtijọ́, orí ẹ́ńjìnnì gbígbóná ló sì máa jò sí. Ara ẹ́ńjìnnì náà ní màgnísíọ̀mù. Tí iná bá ràn án, kì í tètè kú. Mẹkáníìkì tó bá wo ibẹ̀ láìjẹ́ pé ẹ sọ fún un, ẹ mú un dání.

Ohun kan wà tí kò yẹ kí ẹni tó ń ta páàtì sọ, àmọ́ mo máa sọ ọ́: ẹ máa san owó àyẹ̀wò lọ́tọ̀. Ọ̀pọ̀ wa kì í fẹ́ sanwó fún mẹkáníìkì tó fi wákàtí méjì wọn nǹkan tí kò sì pààrọ̀ ohunkóhun. Ó dà bí ẹni pé kò ṣiṣẹ́. Mẹkáníìkì tí a kò bá sì sanwó wíwò fún, ìdí páàtì ló máa ti jẹun. Ẹ dúnàádúrà iye àyẹ̀wò kó tó fọwọ́ kan ọkọ̀, kí ẹ ní kó kọ ohun tó wọ̀n àti ohun tó rí sílẹ̀, kí ẹ tó wá pinnu bóyá òun náà lẹ máa fún ní iṣẹ́ tó kù.

Ní báyìí, ẹ dán ọ̀fun kábúrétọ̀ yẹn wò bí mo ṣe sọ, kí ẹ sì ya àwòrán nọ́ńbà tó wà lára dísírìbútọ̀ tuntun náà ránṣẹ́ sí wa. Ẹ fi ìràwọ̀ méjì yín sílẹ̀ bó ṣe wà títí ẹ ó fi mọ ibi tí ẹ̀bi wà. Tó bá jẹ́ pé kíìtì lẹ máa dá padà, ẹ nu bẹntiróòlù kúrò lára rẹ̀ kó gbẹ dáadáa kí ẹ tó dì í, torí àwọn tó ń gbé ẹrù kì í gba ohun tó bá ń rùn bẹntiróòlù.