Ẹ Sanwó Fún Sójà Tí Ẹ Ṣẹ́gun

Ní ọjọ́ 23 oṣù Karùn-ún ọdún 2003, Paul Bremer, ẹni tí Amẹ́ríkà fi ṣe alákòóso ilẹ̀ Ìráàkì lẹ́yìn tí wọ́n lé Saddam Hussein kúrò lórí oyè, buwọ́ lu àṣẹ tó tú iléeṣẹ́ ológun ibẹ̀ ká. Sójà tó lé ní 300,000 di aláìníṣẹ́. Ọ̀pọ̀ wọn ló ti gbé ìbọn lọ sílé.

Lójú tiwa, ibẹ̀ gan-an ni àtúnkọ́ Ìráàkì ti wọ́. (A ò sọ pé ó tọ́ kí Amẹ́ríkà wọ ibẹ̀ rárá o, ọ̀rọ̀ mìíràn nìyẹn.) Kì í ṣe owó ni wọn ò ní. Bàálù ń kó dọ́là ní ìdì ìdì wọ Baghdad bí ẹni kó gààrí lọ sọ́jà.

Bremer ní tirẹ̀ sọ pé àwọn sójà náà ti fọ́nká kí òun tó dé. Òótọ́ wà ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n sójà tó sá lọ sílé kò sọ pé òun fiṣẹ́ sílẹ̀. Owó oṣù ló ń retí. Ebi kì í sì í wọnú kí ọ̀rọ̀ mìíràn wọ̀ ọ́. Kò tó oṣù kan tí wọ́n fi kóra jọ sẹ́nu géètì ààfin tí Bremer fi ṣe ọ́fíìsì. Sójà Amẹ́ríkà yìnbọn, méjì kú nínú wọn. Ọjọ́ márùn-ún lẹ́yìn náà ni wọ́n tó kéde pé àwọn yóò máa san nǹkan fún wọn. Owó tó wà láti san lẹ́yìn òkú méjì, ṣé kò sí níbẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni?

Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú àṣẹ yẹn, wọ́n ti lé àwọn ọmọ ẹgbẹ́ Baath, ẹgbẹ́ òṣèlú Saddam, tó wà nípò kúrò lẹ́nu iṣẹ́ ọba. Olùkọ́ wà nínú wọn tó jẹ́ pé torí àtijẹ ló ṣe wọ ẹgbẹ́. Nígbà tí Baghdad ṣubú, ọkọ̀ ogun Amẹ́ríkà ń ṣọ́ iléeṣẹ́ ìjọba tó ń rí sí epo, àwọn olè sì ń kó ẹrù ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọdún jáde nínú ilé ìṣẹ̀ǹbáyé. Iná mànàmáná ńkọ́? Àwa tí jẹnẹrétọ̀ ń kùn létí lálaalẹ́ mọ ohun tí ìyẹn ń ṣe fún inú èèyàn.

Ohun tí a ń béèrè kò le. Ìjọba yòówù tó bá fẹ́ kó sójà wọ ilẹ̀ onílẹ̀, kó kọ ọ́ sílẹ̀ kó tó gbéra: ta ni yóò san owó oṣù àkọ́kọ́, ta ni yóò ṣọ́ ilé ìwòsàn. Kí wọ́n kó àwọn tó pa èèyàn lọ sílé ẹjọ́, kí wọ́n dá àwọn tó kù padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tí ISIS, ẹgbẹ́ agbébọn, gba ìlú Mosul ní Ìráàkì ní oṣù Kẹfà ọdún 2014, àwọn ọ̀gá ológun ayé Saddam wà lára àwọn tó ń darí wọn. Ó gba nǹkan bí ọdún mẹ́ta kí ìlú náà tó padà bọ́ sọ́wọ́ ìjọba.