Kì í Ṣe Eré Ni Ẹranko Yẹn Ń Ṣe

Fídíò yẹn tún ti dé. Mo rò pé ayé ti gbàgbé rẹ̀. Lálẹ́ àná ni mo ṣí fóònù mi, mo sì bá a nínú gúrúùpù WhatsApp ẹbí wa. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ló fi í síbẹ̀. Wọ́n kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé: "Ẹ wá wo ọmọ yìí bó ṣe ń jayé orí rẹ̀! Ẹ bá mi fi han àwọn ọmọ." Kí n tó ka ọ̀rọ̀ yẹn tán, èsì ti ń ya wọlé, kìkì àwòrán ojú tó ń rẹ́rìn-ín títí omi fi ń bọ́ lójú.

Ẹ mọ fídíò tí mo ń wí. Ẹranko kékeré kan ló wà níbẹ̀, onírun múlọ́múlọ́, ojú rẹ̀ méjèèjì rí rogodo bíi pé wọ́n fẹ́ẹ́ gba gbogbo orí rẹ̀ tán. Ẹnìkan ń fi ìka họ ọ́ lábẹ́ abíyá, bí a ṣe máa ń ṣe fún ọmọ ọwọ́ kó lè rẹ́rìn-ín. Ẹranko náà gbé apá méjèèjì sókè, ó dákẹ́ jẹ́ẹ́. Bí ẹni yẹn bá yọwọ́, apá ṣì wà lókè, ó kàn ń wò ó ni. Gbogbo ẹni tó bá rí i ni yóò sọ pé ohun tó ń wí ni pé, "Má tíì dáwọ́ dúró."

Kì í ṣe ohun tó ń wí nìyẹn.

Slow loris ni wọ́n ń pe ẹranko yìí. Igbó gúúsù àti gúúsù ìlà-oòrùn Éṣíà ló ti wá, orí igi ni ilé rẹ̀, òru ló sì máa ń jẹ̀. Nínú gbogbo ẹranko tó ń fún ọmọ lọ́mú, àwọn tó ní oró kò pọ̀ rárá, ọ̀kan lára wọn sì ni. Ibì kan wà ní apá rẹ̀, nítòsí ìgúnpá, tí oje kan ti ń sun jáde. Bó bá lá oje yẹn, tó pò mọ́ itọ́ ẹnu rẹ̀, oró ló dà. Nítorí náà, bí ẹ̀rù bá bà á, tó rò pé wọ́n fẹ́ pa òun, á gbé apá méjèèjì sókè kí ẹnu rẹ̀ lè tètè kan oje náà. Apá tí gbogbo wa ń wò tí a ń sọ pé, "Ó mà dára o," ohun ìjà rẹ̀ ló fẹ́ fà yọ. Bí ọkùnrin kan bá ki ọwọ́ bọ àpò láti fa ọ̀bẹ yọ, ṣé a máa sọ pé ó fẹ́ fún wa lẹ́bùn ni?

Ó sì lè jẹ́ pé kò ní ohun tó máa fi gé ẹnikẹ́ni jẹ mọ́. Àwọn tó ń ta ẹranko yìí mọ̀ pé ó lóró, nítorí náà ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń gé eyín rẹ̀ kúrò kí wọ́n tó gbé e lọ sọ́jà. Ohun tí a fi ń gé èékánná ni wọ́n fi ń gé e, láìfún un ní oògùn tí kò ní jẹ́ kó mọ ìrora. Egbò náà lè kẹ̀. Òmíràn a tibẹ̀ kú. Èyí tó bá yè ni wọ́n ń gbé sórí ibùsùn, tí wọ́n ń tan iná gbòò sí lójú, ojú tí Ọlọ́run dá fún òkùnkùn, kí fídíò lè mọ́lẹ̀ dáadáa.

Èmi náà ti wo fídíò yìí rí, ní ọ̀pọ̀ ọdún sẹ́yìn, mo sì fi ránṣẹ́ sáwọn èèyàn. Mi ò mọ̀. Mi ò lè bá ẹni tí kò mọ̀ jà. Àmọ́ àwọn tó mọ̀ ti sọ ọ́ tipẹ́. Ní 2007 ni àdéhùn àgbáyé tí wọ́n ń pè ní CITES ti fòfin de títa ẹranko yìí láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn, ọdún méjì gbáko ṣáájú kí fídíò yẹn tó gba ayé kan ní 2009. Nígbà tó di 2013, Anna Nekaris àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Yunifásítì Oxford Brookes nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì gbé ìwádìí jáde lórí rẹ̀. Wọ́n jókòó, wọ́n ka kọ́mẹ́ǹtì tó lé ní 12,000 lábẹ́ fídíò kan ṣoṣo. Ohun tí ọ̀pọ̀ èèyàn sì kọ síbẹ̀ ni pé àwọn náà fẹ́ ní ọ̀kan. Ìyẹn ni ohun tó ń ká mi lára. Ẹ̀rín ọ̀hún kì í tán síbi tí a ti rín in. Ẹni tó rẹ́rìn-ín lónìí á wá ẹni tó ń tà á lọ́la, ẹni tó ń tà á á sì gba inú igbó lọ.

Mo kọ̀wé sínú gúrúùpù. Ọlọ́run ló mọ̀ pé mo fi ọ̀wọ̀ kọ ọ́: "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú. Ẹ̀rù ló ń ba ẹranko yẹn. Ẹ bá mi yọ ọ́ kúrò." Mo wá ṣàlàyé ohun tí mo ṣàlàyé fún yín yìí, ní ṣókí.

Gúrúùpù dákẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Ẹni àkọ́kọ́ tó fèsì ni àbúrò bàbá wa: "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé ẹ̀rín náà ti wá dẹ̀ṣẹ̀ ni?" Ọmọ wọn kan ní, "Olùkọ́ ti dé." Ẹlòmíràn ní ẹran ni, kì í ṣe èèyàn, ṣé ìyà tó ń jẹ àwa èèyàn ti tán ni mo fi ń ro ti ẹran. Gbogbo ìyẹn, mo lè gbé e mì. Èyí tí ẹ̀gbọ́n mi sọ ni mi ò lè gbé mì. Wọ́n ní: "Àbúrò mi, mo ti gbọ́ o. Ṣùgbọ́n inú rẹ̀ ń dùn. Mo fi ojú mi rí i."

Mo fi ojú mi rí i. Ọ̀rọ̀ yẹn ni mo gbé sùn.

Torí òótọ́ ni wọ́n sọ. Wọ́n rí i. Èmi náà rí i nígbà yẹn. Ojú wa kọ́ ló ń tàn wá, ojú rí apá tó lọ sókè, apá sì lọ sókè lóòótọ́. Àwa la fi ìtumọ̀ tiwa wọ̀ ọ́. Àwọn baba wa ní adìyẹ ń làágùn, ìyẹ́ ara rẹ̀ ni kò jẹ́ ká mọ̀. Lórí íntánẹ́ẹ̀tì, a ò tilẹ̀ dúró lórí pé a ò mọ̀. A máa ń sọ fún adìyẹ pé afẹ́fẹ́ ló ń gbà.

Ẹ wo àwọn fídíò ajá tó jẹ̀bi. Ẹ ti rí wọn: olówó ajá dé, ó bá tìmùtìmù tó ti fàya, ó kígbe pé, "Ta ló ṣe èyí?" Ajá dorí kodò, ó ká etí sẹ́yìn, ó ń wo ẹ̀gbẹ́ ojú. Gbogbo wa á ní, "Ó mọ ohun tó ṣe!" Ní 2009, Alexandra Horowitz, olùkọ́ ní Barnard College ní New York, fi ajá 14 dán ọ̀rọ̀ yìí wò. Wọ́n kìlọ̀ fún ajá pé kò gbọdọ̀ jẹ oúnjẹ kan, olówó rẹ̀ sì jáde. Nígbà míràn, ajá jẹ ẹ́. Nígbà míràn, kò jẹ ẹ́, ṣùgbọ́n wọ́n parọ́ fún olówó rẹ̀ pé ó jẹ ẹ́, olówó sì bá a wí. Bóyá ajá jẹ ẹ́ tàbí kò jẹ ẹ́ kọ́ ló ń fa ojú ẹ̀bi yẹn. Ìbáwí ló ń fà á. Kódà, àwọn ajá tí kò ṣe ohunkóhun, tí wọ́n kàn gba ìbáwí lófo, àwọn lojú ẹ̀bi wọn hàn jù. Ẹ rántí ìyẹn nígbà míràn tí ẹ bá fẹ́ fi irú fídíò bẹ́ẹ̀ ránṣẹ́. Ajá náà kò jẹ́wọ́ kankan, ó kàn ń bẹ̀rù ohùn ẹni tó fẹ́ràn ni.

Ìnàkí tó wọ aṣọ, tó la ẹnu, tí eyín rẹ̀ hàn funfun nini? Ìbẹ̀rù ni ìnàkí fi ń fi eyín hàn báyẹn. Ológbò tí wọ́n rọra gbé kùkúńbà sẹ́yìn rẹ̀ nígbà tó ń jẹun, tó yí padà tó fò sókè? Ibi oúnjẹ ni ológbò ti máa ń rò pé kò séwu. Mi ò ní sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí ìyẹn, inú á tún bẹ̀rẹ̀ sí í bí mi.

Àwọn kan á ní mo ti le jù, pé bí a bá ní ká yẹ gbogbo fídíò wò, a ò ní rẹ́rìn-ín mọ́. Rárá o. Mo fẹ́ràn fídíò tó ń pani lẹ́rìn-ín ju bí ẹ ṣe rò lọ. Fídíò àkọ́kọ́ tó wọ YouTube, ní ọjọ́ 23 oṣù kẹrin 2005, ìṣẹ́jú àáyá 19 péré ni. Jawed Karim, ọ̀kan lára àwọn tó dá YouTube sílẹ̀, ló dúró síwájú àwọn erin ní ọgbà ẹranko San Diego, tó ń sọ pé ọwọ́jà wọn gùn gan-an. Kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Kò fọwọ́ kan ẹranko kankan, ohun tó yà á lẹ́nu ló kàn sọ. Mo ṣì máa ń padà lọ wò ó.

Snowball sì wà. Bí ẹ ò bá mọ Snowball, ẹ lọ wá a kí ilẹ̀ tó ṣú. Cockatoo ni, ẹyẹ funfun kan tó bá ayékòótọ́ tan, tó ní ìyẹ́ lórí bí adé. Ní 2007 ni fídíò rẹ̀ jáde. Wọ́n fi orin sí i, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó ń gbé ẹsẹ̀ sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń ju orí síwá sẹ́yìn, adé rẹ̀ nà ró. Mo rẹ́rìn-ín títí inú fi ń dùn mí. Onímọ̀ kan tó ń jẹ́ Aniruddh Patel rí fídíò yẹn, kò kàn fi ránṣẹ́ sáwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ kó sì gbàgbé. Ó béèrè pé, ṣé ẹyẹ yìí ń gbọ́ ìlù lóòótọ́, àbí ó kàn ń jù síhìn-ín sọ́hùn-ún? Ó lọ bá àwọn tó ń tọ́jú Snowball. Wọ́n mú orin kan náà, wọ́n mú un yára, wọ́n tún mú un falẹ̀, ijó ẹyẹ náà sì ń bá ìlù yí padà lọ́pọ̀ ìgbà. Ní 2009 ni ìwádìí náà jáde. Kí ó tó dìgbà yẹn, ọ̀pọ̀ onímọ̀ ló gbà pé ọmọ èèyàn nìkan ló lè gbọ́ ìlù kó sì fi ara bá a lọ. Ní 2019, wọ́n tún gbé òmíràn jáde: wọ́n ka irú ijó tó ń jó, wọ́n rí oríṣi 14. Ẹyẹ yẹn jó nítorí pé ijó wù ú. Irú fídíò tó yẹ kó yí ayé ká nìyẹn.

Ibi tí ọ̀rọ̀ náà ti wá dojú rú mọ́ mi lọ́wọ́ ni mo fẹ́ sọ báyìí. Lẹ́yìn tí mo kọ ọ̀rọ̀ mi sínú gúrúùpù, ẹni mẹ́ta tí kò tíì wo fídíò slow loris yẹn ló kọ̀wé sí mi ní kọ̀rọ̀ pé fídíò wo ni a ń jà lé lórí. Wọ́n lọ wò ó. Ọ̀kan ní òun wò ó lẹ́ẹ̀mejì kí òun lè rí ìbẹ̀rù tí mo wí. Ẹ̀rọ tó ń ka iye ẹni tó wo fídíò kò mọ ẹni tó fi ìbínú wò ó yàtọ̀ sí ẹni tó fi ẹ̀rín wò ó. Lójú rẹ̀, gbogbo wa la fẹ́ ẹ. Ṣé mo ran ẹranko yẹn lọ́wọ́ lálẹ́ àná, àbí mo tún polówó rẹ̀ ni? Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí náà, mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ti fẹ́ lọ wá a.

Láàárọ̀ yìí, mo rí i pé ẹ̀gbọ́n mi ti yọ fídíò náà kúrò. Wọn ò sọ nǹkan kan nínú gúrúùpù. Èmi nìkan ni wọ́n kọ̀wé sí, wọ́n fi fídíò mìíràn ránṣẹ́. Erin ni. Ó dúró sí ibì kan tí ilẹ̀ rẹ̀ mọ́ tónítóní, orin ń lọ lábẹ́lẹ̀, ó ń fì sọ́tùn-ún, ó ń fì sósì, ọwọ́jà rẹ̀ ń tẹ̀ lé e. Wọ́n kọ ọ́ pé: "Èyí ńkọ́, àbúrò mi? Ṣé ijó ló ń jó, àbí ẹ̀rù ń ba òun náà?"

Mo mọ̀ pé erin tó bá pẹ́ ní àhámọ́ lè máa fì báyẹn fún ọ̀pọ̀ wákàtí láìsí orin kankan, pé àárẹ̀ ọkàn ló ń fà á. Mo sì mọ Snowball. Mo wò ó bóyá ìfìsíhìn-ín fìsọ́hùn-ún rẹ̀ ń bá ìlù lọ. Níbì kan, ó bá a lọ. Níbòmíràn, kò bá a lọ. Orin sì ti ń lọ kí wọ́n tó tan kámẹ́rà, nítorí náà mi ò rí ohun tó ń ṣe kí orin tó bẹ̀rẹ̀.

Mo ti wò ó lẹ́ẹ̀mẹfà. Mi ò tíì dá wọn lóhùn.