Ta ló ní àwọ̀ ni ẹwà aṣálẹ̀?

Bí ẹnì kan bá gbé fọ́tò aṣálẹ̀ tó jẹ́ dúdú-àti-funfun síta, kò ní pẹ́ tí ẹ ó fi rí ẹni tí yóò bi í pé: "Kí lo wá lọ ṣe níbẹ̀?" Ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ èèyàn ni pé iyanrìn pupa àti sánmà búlúù ni aṣálẹ̀ fi ń dára, ẹni tó bá yọ àwọ̀ kúrò ti bà á jẹ́ nìyẹn. Wọ́n á ní dúdú-àti-funfun, ti ayé àwọn bàbá wa ni, fọ́tò inú férémù tó wà lára ògiri pálọ̀, nígbà tí kò sí òmíràn. Mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn arìnrìn-àjò, mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu àwọn tó ń fi kámẹ́rà jẹun pàápàá. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ó sì ń dùn mí, torí pé ó ń mú kí èèyàn náwó rẹpẹtẹ dé Namibia, kó ya fọ́tò títí, kó má sì rí ohun tó wà níwájú rẹ̀.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ wo ibi tí iyanrìn kò ti ní àwọ̀ kankan. White Sands wà ní ìpínlẹ̀ New Mexico, ní Amẹ́ríkà, ó sì fẹ̀ tó 700 kìlómítà onígun mẹ́rin (square kilometre). Jípúsọ́ọ̀mù ni iyanrìn ibẹ̀, ohun kan náà tí wọ́n fi ń ṣe P.O.P. tí a ń lẹ̀ mọ́ àjà ilé. Ó funfun báláú. Síbẹ̀, àwọn èèyàn ń ti ọ̀nà jíjìn wá wò ó, tàwọn ti kámẹ́rà lọ́rùn. Bó bá jẹ́ pé àwọ̀ ni ẹwà òkìtì iyanrìn, kí ni wọ́n wá ń wò? Bẹ́ẹ̀ náà ni Oceano, létí òkun California, níbi tí iyanrìn kò ti pupa, tí kò sì funfun. Ibẹ̀ ni Edward Weston, ayafọ́tò ọmọ Amẹ́ríkà, ti ya àwọn òkìtì rẹ̀ ní 1936, wọ́n sì wà lára iṣẹ́ tí ayé fi mọ̀ ọ́n. Ansel Adams, ayafọ́tò bíi tiẹ̀, náà ya ti Death Valley, aṣálẹ̀ kan ní California, ní nǹkan bí 1948. Nígbà yẹn, fíìmù aláwọ̀ ti lé ní ọdún mẹ́wàá lọ́jà, Adams fúnra rẹ̀ sì ń lò ó. Ó mọ̀ọ́mọ̀ yan dúdú-àti-funfun ni, kì í ṣe pé kò rí òmíràn lò.

Ohun tó ń fi òkìtì iyanrìn han ojú ni ìmọ́lẹ̀. Atẹ́gùn ló ń kó òkìtì náà jọ. Á máa gbá iyanrìn gun ìhà kan tó rọra dagun, títí yóò fi dé góńgó, ibẹ̀ ni iyanrìn á ti dà sí òdìkejì. Òdìkejì yìí máa ń ga gẹ̀gẹ̀rẹ̀, àmọ́ ó ní ibi tó ń mọ: bó bá ti fẹ́ ju nǹkan bí 34 dígírì lọ, iyanrìn á ya wálẹ̀ fúnra rẹ̀. Ẹ fi nọ́ńbà yẹn sọ́kàn. Bí oòrùn bá yọ lẹ́yìn òkìtì, tí kò tíì ga tó 34 dígírì lójú sánmà, ìmọ́lẹ̀ rẹ̀ kò lè dé ojú tó ga gẹ̀gẹ̀rẹ̀ tó kẹ̀yìn sí i. Ojú kan á mọ́ rekete, èkejì á dúdú kirimú, góńgó tó pààlà sáàárín wọn á wá fà gbọọrọ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Ní Sossusvlei, ní aṣálẹ̀ Namib ní Namibia, bíi wákàtí méjì ààbọ̀ sí mẹ́ta lẹ́yìn ìlà oòrùn, oòrùn ti máa ń ga kọjá 34 dígírì yẹn. Ìmọ́lẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ sí í yọ́ wọnú ojú tó ṣókùnkùn, nígbà tó bá sì fi di ọ̀sán gangan, ojú méjèèjì ti di ọ̀kan. Ẹ dán an wò nílé: ẹ tan tọ́ọ̀ṣì, kí ẹ fi lẹ̀ mọ́ ẹ̀gbẹ́ ògiri tó jọ pé ó jọ́lọ̀, ẹ ó rí gbogbo gbágungbàgun tí bíríkìlà fi sílẹ̀. Ẹ kọjú rẹ̀ sí ògiri tààrà, gbogbo rẹ̀ á pòórá. Àní àwọn ìlà wẹ́wẹ́ tí atẹ́gùn ń fà sára iyanrìn, tí gíga wọn kò ju ìka lọ, ní òjìji tiwọn láàárọ̀ kùtù.

Ibi tí àwọ̀ ti ń tan èèyàn nìyí. Ní ọ̀sán, òjìji ti lọ, àmọ́ iyanrìn ṣì pupa, sánmà ṣì búlúù. Ojú á rí àwọ̀, á gbà pé fọ́tò náà dára. Ẹ wá yọ àwọ̀ kúrò lára rẹ̀, kò ní ku nǹkan kan ju pẹrẹsẹ aláwọ̀ eérú lọ. Wọ́n á ní dúdú-àti-funfun ló ba fọ́tò jẹ́. Irọ́ ni. Fọ́tò náà kò ní ìrísí tẹ́lẹ̀, àwọ̀ ló ń bò ó láṣìírí.

Ohun kejì tó ń mú kí ìgbàgbọ́ yìí fẹsẹ̀ múlẹ̀ ni bí àwọn èèyàn ṣe ń yọ àwọ̀ ọ̀hún. Wọ́n á tẹ bọ́tìnnì kan lórí fóònù, ó tán. Ẹ wo Dune 45, òkìtì gíga tí gbogbo ẹni tó bá lọ sí Sossusvlei máa ń yà. Iyanrìn rẹ̀ pupa rúsúrúsú nítorí irin tó wà lára rẹ̀ ti dípẹtà. Pupa rúsúrúsú yìí àti búlúù sánmà jìnnà síra lójú wa, ṣùgbọ́n bí ọ̀kan ṣe mọ́lẹ̀ tó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ bá ti èkejì dọ́gba. Ẹni tó bá kàn tẹ bọ́tìnnì á rí i pé òkìtì àti sánmà di eérú kan náà, èèyàn kò sì ní mọ ibi tí ọ̀kan parí sí.

Àwọn àgbà iṣẹ́ yìí ti mọ ọ̀nà àbáyọ tipẹ́. Ní 1927, Adams ń ya àpáta Half Dome ní Yosemite, ní California. Ó kọ́kọ́ fi dígí àwọ̀ ìyeyè bo lẹ́ǹsì, ó rí i pé kò ní gbé ohun tó wà lọ́kàn òun jáde. Ó wá fi dígí pupa kirikiri rọ́pò rẹ̀, sánmà sì dúdú kọlọkọlọ. Dígí pupa máa ń jẹ́ kí ìmọ́lẹ̀ pupa kọjá, á sì dínà mọ́ búlúù. Lónìí, iṣẹ́ kan náà wà lórí fóònù, nínú àwọn áàpù tí wọ́n fi ń tún fọ́tò ṣe: ní Snapseed, ẹ wọ ibi dúdú-àti-funfun, kí ẹ yan pupa, ní Lightroom, ẹ fa pupa rúsúrúsú sókè, kí ẹ fa búlúù wálẹ̀. Lójú yín báyìí ni iyanrìn á máa mọ́ sí i, tí sánmà lẹ́yìn rẹ̀ á máa ṣókùnkùn, tí góńgó á yọ kedere. Ẹ wá yí i padà, ẹ yan búlúù: iyanrìn á dúdú, sánmà á funfun, fọ́tò kan ṣoṣo ti di méjì. Kí ẹ má kàn fà á jù, torí àmì kóró-kóró bí iyanrìn á kún ojú sánmà, ìlà funfun kan á sì yọ lẹ́bàá góńgó. Àwọ̀ tí wọ́n ní a sọ nù ni a fi ṣe gbogbo èyí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ iṣẹ́ pé kí wọ́n ya RAW, ìyẹn fáìlì tí kámẹ́rà kò tíì yọ nǹkan kan kúrò lára rẹ̀, kí wọ́n sì jẹ́ kí ojú ìwòran (screen) kámẹ́rà máa fi dúdú-àti-funfun hàn wọ́n: ojú wọn á máa wá òjìji, àwọ̀ á sì wà nínú fáìlì láìyingin.

Ibì kan wà tí mo gbà fún àwọn alátakò. Deadvlei ni, ilẹ̀ amọ̀ funfun kan nítòsí Sossusvlei, tí àwọn igi ẹlẹ́gùn-ún ti kú sí láti ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọdún sẹ́yìn, tí wọn kò jẹrà nítorí ọ̀gbẹlẹ̀. Láàárọ̀, nígbà tí òjìji ṣì bo amọ̀, tí oòrùn sì ti bọ́ sára òkìtì pupa ẹ̀yìn rẹ̀, ẹ ya aláwọ̀. Bí oòrùn bá wá dé orí amọ̀, tí òjìji igi nà gbalaja sílẹ̀, dúdú-àti-funfun ló kàn.

Ẹ rántí pé iyanrìn tó mọ́lẹ̀ máa ń tan kámẹ́rà jẹ: á rò pé ìmọ́lẹ̀ ti pọ̀ jù, á sì sọ ọ́ di eérú. Ẹ lọ sí ibi tí wọ́n ti ń fi ìmọ́lẹ̀ kún fọ́tò lórí kámẹ́rà (exposure compensation), kí ẹ fi +1 kún un. Kí ẹ má sì yọ lẹ́ǹsì kúrò lára kámẹ́rà nínú atẹ́gùn.

Ẹnubodè Sesriem, tí wọ́n ń gbà wọ Sossusvlei, máa ń ṣí nígbà tí oòrùn bá yọ, ó sì ku 45 kìlómítà kí èèyàn tó dé Dune 45. Àwọn tó sun inú ọgbà ni wọ́n ń jẹ́ kó wọlé ní wákàtí kan ṣáájú. Bí owó ibùsùn ibẹ̀ bá wọ́n jù, ẹ fi ìrọ̀lẹ́ ṣe é, nígbà tí oòrùn bá ti lọ sílẹ̀ dáadáa: ojú tó ṣókùnkùn láàárọ̀ á mọ́, òjìji á bọ́ sí èkejì. Ẹ kàn ṣọ́ aago, torí wọ́n ń ti ẹnubodè bí oòrùn bá wọ̀.