Èsì wa sí ìràwọ̀ kan tí Àlàájà fún wa lórí họ́pà èlùbọ́ àti ọmọrí àgbá

Àlàájà, ẹ kú iṣẹ́. A dúpẹ́ pé ẹ kọ ọ́ síta. Àwa la ya pátánì iṣẹ́ yín, ìyẹn àwòrán irin ní títẹ́ pẹrẹsẹ, kí ajórin tó gé e tó sì ká a. A rí i ní ọjọ́ 28 oṣù Kẹta: ìràwọ̀ kan ṣoṣo fún iṣẹ́ wa, pẹ̀lú fọ́tò méjì.

Kí ẹni tó ń kà á lè mọ ohun tí à ń fèsì sí, ohun tí ẹ kọ nìyí. Ẹ ní ọrùn họ́pà, ìyẹn àrọ ńlá tí wọ́n ń da èlùbọ́ sí lórí ẹ̀rọ, gun ara rẹ̀ ní mílímítà 6 nígbà tí ajórin yín ká a. Ẹ ní ọmọrí tó yẹ kó jókòó lórí ẹnu àgbá rì sínú rẹ̀. Ẹ ní odindi kan lẹ fẹ́ kí ọmọrí náà jẹ́, a wá gé e sí wẹ́wẹ́. Ẹ ní iṣẹ́ ọjọ́ mẹ́rin di ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ẹ wá fi kádìí rẹ̀ pé "àwòrán aláràbarà orí kọ̀ǹpútà nìkan ni wọ́n mọ̀ ọ́n yà." Gbólóhùn tó gbẹ̀yìn yẹn ló dùn wá jù. Iṣẹ́ tí à ń ṣe ní Òkè-Fíà, Òṣogbo níbí, irin ni wọ́n ń fi gé, a sì mọ iye tí wọ́n ń ta síténlẹ́ẹ̀sì. A kì í fi irin oníbàárà ṣeré.

Ọrùn họ́pà la ó kọ́kọ́ mú. Fífẹ̀ rẹ̀ láti ìta dé ìta jẹ́ 200 mm, irin tí ẹ sì sọ fún wa ni síténlẹ́ẹ̀sì oní-2 mm. Bí a bá ká irin, ẹ̀yìn rẹ̀ á nà, inú rẹ̀ á fún pọ̀. Ibi tí kò nà tí kò sì fún wà láàárín sísanra irin náà. Ìdí nìyẹn tí a kì í fi 200 ṣírò gígùn irin tí a ó ká. A ó yọ sísanra irin kan kúrò, á ku 198, 198 lọ́nà 3.1416 á sì jẹ́ 622. Iye tó wà ní ojú ewé kejì ìwé tí a fún yín nìyẹn, òun náà ló wà nínú fáìlì DXF tí wọ́n fi ń gé irin.

Ẹ wá padà wo fọ́tò yín àkọ́kọ́. Ajórin yín na táàpù sórí irin náà kó tó ká a. Àtàǹpàkò rẹ̀ di etí kan mú, etí kejì sì bọ́ sórí ìlà kékeré kẹjọ lẹ́yìn 62. Mílímítà 628 nìyẹn. 200 lọ́nà 3.1416 ló ń jẹ́ 628. Ẹ yọ 622 kúrò nínú rẹ̀, 6 ló kù: mílímítà 6 tí ẹ torí rẹ̀ bínú sí wa náà nìyẹn, géérégé. Ajórin yín kò lo pátánì wa rárá. Ìta ọrùn ló fi ṣírò, bí ọ̀pọ̀ ajórin ti máa ń ṣe, ó sì dára pé irin 2 mm ni. Ká ní oní-3 mm ni, á fi mílímítà 9 gun ara rẹ̀.

Ní ti ọjọ́ mẹ́sàn-án. Ọjọ́ 3 oṣù Kẹta lẹ san 40,000 náírà sílẹ̀ nínú 65,000. A dá ọjọ́ 7 oṣù náà fún yín. Ní ọjọ́ 6, ọmọbìnrin tó wà nídìí kọ̀ǹpútà wa ti parí, àwòrán sì wọ WhatsApp yín kí ilẹ̀ ọjọ́ náà tó ṣú. Ọjọ́ 8 lẹ pè pé mọ́tò ẹ̀rọ yín dí ọ̀nà, pé ká sún ọrùn họ́pà kúrò láàárín, láti 100 mm tí ẹ sọ tẹ́lẹ̀ sí 150. Ẹ ò mẹ́nu kan èyí nínú ohun tí ẹ kọ.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn rò pé bí nọ́ńbà bá yí, kọ̀ǹpútà á kàn tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Fún àpótí onígun mẹ́rin, bẹ́ẹ̀ ni. Ṣùgbọ́n họ́pà yín jẹ́ onígun mẹ́rin 600 sí 600 lókè, ó sì di roboto 200 nísàlẹ̀, gíga rẹ̀ jẹ́ 400, ọrùn rẹ̀ ò sì sí láàárín. Nígbà tí ó wà ní 100, ojú ẹ̀gbẹ́ kan jẹ́ 412 mm láti òkè dé ìsàlẹ̀, òdìkejì rẹ̀ jẹ́ 500. Nígbà tí ẹ sún un sí 150, ti àkọ́kọ́ di 403, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró ṣánṣán, òdìkejì sì di 531. Kò sí ìlà ìká kan lára rẹ̀ tí gígùn rẹ̀ ò yí.

Bí a ṣe ń yà á nìyí, kí ẹni tó bá ní sọ́fítíwíà tirẹ̀ nílé lè yẹ̀ ẹ́ wò. A kì í ya onígun mẹ́rin náà ní títì pa yíká. Irin tí kò ní ojú ìjórin kò ṣeé tẹ́ pẹrẹsẹ, sọ́fítíwíà náà á sì kọ̀ ọ́. Ààbọ̀ onígun mẹ́rin lókè àti ààbọ̀ òbìrí nísàlẹ̀ la máa ń yà, ká tó wá ní kó so méjèèjì pọ̀. Ààbọ̀ kejì á jẹ́ òdìkejì rẹ̀ bí inú dígí. Igun mímú ò gbọ́dọ̀ sí níbẹ̀, a ní láti yí igun kọ̀ọ̀kan díẹ̀, àní bó ṣe 5 mm, kí ìsàlẹ̀ àti òkè lè bára mu. Ojú ìjórin á bọ́ sáàárín ojú tó tẹ́, kì í ṣe sí igun, nítorí igun ni gbogbo ìká ti ń ṣẹlẹ̀. Ẹni tó bá jó igun tán kó tó ká a, ojú ìjórin á là mọ́ ọn lọ́wọ́. Fún họ́pà yín, ìlà ìká 7 ló wà ní igun kọ̀ọ̀kan, tó pín ìdá mẹ́rin òbìrí sí ọ̀nà 6. Pẹlẹbẹ kọ̀ọ̀kan jẹ́ 26 mm nísàlẹ̀, kò sì fi pé 1 mm yàtọ̀ sí òbìrí gidi. Bí a bá pín in sí 3 péré, ìyàtọ̀ náà á lé ní 3 mm, ọrùn ò sì ní jókòó dáadáa síbẹ̀.

Lẹ́yìn èyí, alàgbà tó ń yẹ iṣẹ́ wò fún wa tẹ̀ ẹ́ sórí páálí ní ìdá kan nínú márùn-ún, ó gé e, ó ká a ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó sì rí i pé ẹnu méjèèjì pàdé. Ọjọ́ 11 nìyẹn. Ẹ gba iṣẹ́ ní ọjọ́ 12. Láti ọjọ́ tí ẹ yí ọ̀rọ̀ padà, ọjọ́ mẹ́rin ni, iye ọjọ́ tí a kọ́kọ́ dá fún yín náà.

Ọ̀rọ̀ ọmọrí ló gba àlàyé jù, torí ọ̀sẹ̀ kan kì í kọjá kí ẹnìkan má béèrè ohun tí ẹ béèrè: "Ṣé ẹ ò lè fi páànù kan ṣoṣo ṣe é ni?" Ẹ mú ìwé ìròyìn kan. Ẹ yí i mọ́ ara ìgò: á yí mọ́ ọn, kò ní hunjọ. Ẹ ká a ní ṣóńṣó bí èyí tí àwọn ẹlẹ́pà ń bu ẹ̀pà sí: á gbà. Ẹ wá fi bo ìdí igbá. Á hunjọ létí yíká, ẹ ò sì ní rí i tẹ́ títí láé, àfi tí ẹ bá gé e. Irin náà ò yàtọ̀. Ohun tó bá ká sí ọ̀nà kan, bíi páìpù tàbí ṣóńṣó, ń tẹ́ pẹrẹsẹ. Ohun tó bá ká sí ọ̀nà méjì lẹ́ẹ̀kan náà, bí ìdí igbá, kò ní tẹ́ láìjẹ́ pé irin nà níbì kan tàbí kó fún pọ̀ níbòmíì. Sọ́fítíwíà kan wà tí á tẹ́ ẹ fún yín bí ẹ bá fipá mú un. Á kàn fi àwọ̀ hàn ibi tí irin ti ní láti nà. Àwòrán á jáde dáadáa, ó di ibi iṣẹ́ kí ìyà tó bẹ̀rẹ̀.

Ọmọrí yín jẹ́ ààbọ̀ òbìrí, fífẹ̀ rẹ̀ 600 mm. Bí a bá ní ká fi odindi páànù ṣe é, àwo roboto tó fẹ̀ tó 848 mm la ó kó sórí mọ́ọ̀dù tó ní ìrísí ọmọrí náà, ẹ̀rọ alágbára á sì tẹ̀ ẹ́ títí á fi nà bá a mu, tàbí ká máa yí i, ká sì máa tẹ̀ ẹ́ mọ́ mọ́ọ̀dù bí àwọn tó ń ṣe ìkòkò alumínọ́ọ̀mù. Àlàájà, ajórin yín ò ní mọ́ọ̀dù, owó mọ́ọ̀dù fún ọmọrí kan ṣoṣo á sì ju owó ẹ̀rọ yín gan-an lọ. Ohun tó kù ni ká pín in sí awẹ́ bíi ti ọsàn, kí awẹ́ kọ̀ọ̀kan ká sí ọ̀nà kan péré.

A kọ èyí ránṣẹ́ sí yín ní ọjọ́ 4 oṣù Kẹta. A ní awẹ́ 12 ló dára jù. Bó bá jẹ́ awẹ́ 8, láàárín awẹ́ kọ̀ọ̀kan nísàlẹ̀ á fi nǹkan bíi 23 mm wọnú ju òbìrí gidi lọ. Bó bá jẹ́ 12, 10 mm ni. Ẹ béèrè iye ìjórin tó wà nínú rẹ̀. Gígùn awẹ́ láti orí dé ìdí jẹ́ 471 mm, nítorí náà awẹ́ 8 jẹ́ mítà 3.8 ìjórin, 12 sì jẹ́ 5.7. Ẹ dáhùn pé, "Ẹ ṣe mẹ́jọ, kí owó ìjórin má pọ̀." A ṣe mẹ́jọ. A tún ya òrùka pẹlẹbẹ kan tó fẹ̀ tó 40 mm sí abẹ́ rẹ̀ kó lè dí àlàfo náà. A ò gba owó òrùka yẹn lọ́wọ́ yín.

Kí wá ló dé tó fi rì sínú àgbá? Ọjọ́ 20 oṣù Kẹta, ọmọ iṣẹ́ wa wá sọ́dọ̀ yín pẹ̀lú táàpù tirẹ̀. Ó bá pátánì awẹ́ náà lórí ìwé A2, tí ajórin yín lọ tẹ̀ jáde ní ibi tí wọ́n ti ń tẹ ìwé. Lójú gbogbo pátánì tó bá jáde lọ́dọ̀ wa, a máa ń ya igun mẹ́rin kékeré kan sí kọ̀rọ̀ ìsàlẹ̀, 100 mm ní ẹ̀gbẹ́ kọ̀ọ̀kan. Ó wọ̀n ọ́n: 97. Ẹni tó tẹ̀ ẹ́ ní kí ẹ̀rọ rẹ̀ fún àwòrán náà kó lè bá ìwé mu. Bí 100 bá di 97, 600 á di 582. Ọmọrí tó fẹ̀ tó 582 ò lè jókòó lórí àgbá 600. Á rì ni, 9 mm lọ́tùn-ún, 9 mm lósì, bó ṣe wà nínú fọ́tò yín kejì gan-an.

Ibi tí ẹ ò sọ̀rọ̀ bá ni etí òkè họ́pà, èyí tí a ká ní ìdúró ṣánṣán. Ó bọ́ sójú rẹ̀ láìsí wàhálà, ó sì ní ìdí. Kí a tó yà á, a gba pélébé kan lára irin yín, 100 mm, a ní kí ajórin yín ká a láàárín lórí ẹ̀rọ rẹ̀. Nígbà tí a wọ̀n apá méjèèjì láti ìta tí a sì rò wọ́n pọ̀, wọ́n jẹ́ 103.5. Mílímítà 3.5 tó lé yẹn la fi mọ̀ pé K-factor irin yín lórí ẹ̀rọ yẹn (nọ́ńbà tó ń sọ ibi tí kò nà tí kò sì fún wà nínú sísanra irin) jẹ́ 0.43, kì í ṣe iye tí sọ́fítíwíà gbé wá fúnra rẹ̀. Ibi tí wọ́n tẹ̀lé ìwé wa nìyẹn.

Ẹ̀bi tiwa náà wà, a ò ní fi pa mọ́. A kọ sísanra irin àti "ẹ tẹ̀ ẹ́ ní 100%" sí àpótí kékeré ìsàlẹ̀ ìwé, lẹ́tà rẹ̀ sì kéré. Láti ọjọ́ 21, òkè ìwé ló wà, gàdàgbà. Ẹ̀yin tó bá fẹ́ gbé iṣẹ́ wá, ẹ jọ̀wọ́, ẹ mú pélébé irin tí ẹ máa lò gan-an dání ká lè fi kálípà wọ̀n ọ́n, torí èyí tí wọ́n tà fún yín bíi 2 mm lè má pé bẹ́ẹ̀. Ẹ sọ ẹ̀rọ tí ajórin yín fi ń ká irin àti bí irin tó lè ká ṣe gùn tó. Bí ẹ bá sì máa tẹ pátánì sórí ìwé, ẹ fi táàpù wọn igun mẹ́rin yẹn kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ kan síṣọ́ọ̀sì. Ìlú tí wọ́n kọ́ ilé iṣẹ́ Machine Tools sí, èyí tí wọ́n dá sílẹ̀ láti máa ṣe ẹ̀rọ iṣẹ́ irin, ni Òṣogbo, kò yẹ ká máa fojú díwọ̀n irin níbẹ̀.

Àlàájà, ohun tí a ó ṣe nìyí. A ó tún ọmọrí yà ní awẹ́ 12 lọ́fẹ̀ẹ́. Àwa la ó san owó títẹ pátánì rẹ̀, a ó sì fọwọ́ ara wa wọ̀n ọ́n kó tó kúrò lọ́dọ̀ wa. Ọmọ iṣẹ́ wa á wá dúró ti ajórin yín fún odindi ọjọ́ kan, ẹ ò ní fún un ní owó ọkọ̀. Irin ọrùn tó ti bàjẹ́ nìkan la ò ní san, nítorí kì í ṣe àwa la gé e ní 628. Ọjọ́ tí ọmọrí bá jókòó lórí àgbá, kí ẹ wá san 25,000 náírà tí a ti ń retí láti ọjọ́ 12 oṣù Kẹta, kí ẹ sì tún bá wa ya fọ́tò táàpù yẹn lórí ọrùn tuntun, ní 622.